Ẹrù kánjúkánjú láti Àjàṣẹ́ dé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́: ohun tí ẹ máa ń bi àwa awakọ̀ fáànù

Ìpè kì í wọ́n lórí fóònù mi. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ bọ́ sídìí iṣẹ́ yìí ń pè, ìyá ọlọ́jà tó fẹ́ rán ẹrù ń pè, ìyàwó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ náà ń pè. Ìbéèrè wọn jọra. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo fi ṣe ibùjókòó, láàrin Kútọnu, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ sì ni ọkọ̀ mi ti ń rìn jù.

Irú iṣẹ́ wo gan-an lẹ ń ṣe? Ṣé kì í ṣe dírẹ́bà gáréèjì náà ni yín?

Rárá o. Ọlọ́kọ̀ èrò máa ń jókòó ní gáréèjì títí ọkọ̀ rẹ̀ á fi kún. Ọlọ́kámíọ̀ ń kó ẹrù ọ̀pọ̀ ènìyàn pa pọ̀, á máa já a kalẹ̀ lójúlé dé ojúlé. Tiwa yàtọ̀. Ẹrù oníbàárà kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀ wa. Bí a bá ti gbé e, a ò ní yà sọ́tùn-ún, a ò ní yà sósì, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń retí rẹ̀.

Ẹni tó bá pè wá, ọ̀ràn ti ká a mọ́. Béárì ẹ̀rọ ìlọgbàdo ti fọ́ ní Kétu, àgbàdo oníbàárà sì ti kún ilẹ̀ fọ́fọ́. Ilé òògùn kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ kò ní òògùn ibà ọmọdé mọ́. Oníṣẹ́ àgbàṣe kan gbọ́dọ̀ fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba kí agogo mẹ́wàá tó lù. Ìgbéyàwó ku ọ̀la, aṣọ ẹbí ṣì wà lọ́wọ́ télọ̀ ní Kútọnu. Bí ẹrù yín bá lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ gbé e fún ọlọ́kámíọ̀, owó rẹ̀ á dín. Èmi fúnra mi máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà.

Báwo ni iṣẹ́ òòjọ́ yín ṣe ń lọ?

Ìdúró ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé a ń wakọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kò tíì bá wa jáde rí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ tí ẹrù bá ń ti Kútọnu lọ sí Kétu. Fóònù lè dún kí ilẹ̀ tó mọ́. Mi ò ní kọ́kọ́ ṣíná ọkọ̀. Màá wo òróró ẹ́ńjìnnì, màá wo omi, màá fi àtẹ́lẹwọ́ pa táyà kọ̀ọ̀kan yí ká nítorí ìṣó àti òkúta wẹ́wẹ́ tó máa ń há sáàárín ilà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá pe ẹni tó ni ẹrù: ta ni yóò ṣílẹ̀kùn sítóò, ṣé ìwé ẹrù ti wà nílẹ̀, ẹni mélòó ló máa gbé e sọ́kọ̀? Ìpè kan ṣoṣo yìí lè yọ ènìyàn nínú ìdúró wákàtí kan.

Ó dára kéèyàn ti kọjá péage Ekpè, níbi tí wọ́n ti ń gba owó ọ̀nà, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé Àjàṣẹ́ tó dà sójú títì lọ sí Kútọnu. Bí mo bá dé ilé ìkẹ́rùsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, ìdúró bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ kò tíì dé. Ó dé, ìwé ò tíì jáde. Ìwé jáde, òǹtẹ̀ kò sí lórí rẹ̀. Gbogbo àsìkò yìí ni oníbàárà Kétu ń pè: «Ọ̀gá, ṣé ẹ ti gbéra?» Òótọ́ ni kí ẹ sọ fún un. Ẹ má sọ pé ẹ ti dé Ṣakẹ́tẹ́ nígbà tí ẹ ṣì wà ní Kútọnu. Ẹni tó ń retí ẹrù ti lè kó alágbàṣe jọ sílẹ̀, owó ojúmọ́ wọn ló sì ń san.

Bí ẹrù bá ti wọlé, ó kù ká dè é. Ibí yìí ni mo ti ń mọ dírẹ́bà tó mọṣẹ́. Bó jẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí pọ́ńpù, táyà àlòkù ni mo máa ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kó má baà yọ̀. Ohun tó wúwo jù á wà níwájú, á fara ti irin tó wà lẹ́yìn àga dírẹ́bà. Bẹ́líìtì méjì á gba orí rẹ̀ kọjá, ọ̀kan á dábùú èkejì. Bí mo bá fà á tán, màá fi ìka ta á bí okùn gòjé: tó bá dún gbì, kò tíì le tó, tó bá dún gán-ín, a lè lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí 20 kìlómítà, màá dúró tún un fà, nítorí ẹrù á ti jókòó, bẹ́líìtì á sì ti dẹ̀.

Ó di Àjàṣẹ́, Ṣakẹ́tẹ́, Pọ̀bẹ́, Onígbólò, ó di Kétu. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà ní Onígbólò, nítorí náà kámíọ̀ tó ru sìmẹ́ńtì ni ká ṣọ́ra fún ní agbègbè yẹn. Bí a bá já ẹrù tán, ẹni tó gbà á á kọ orúkọ, ọjọ́ àti agogo sórí ìwé, á sì bu ọwọ́ lù ú. Mo máa ń ya fọ́tò ìwé náà àti ti ẹrù kí n tó pẹ̀yìn dà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdúró mìíràn tún dé: ṣé ẹrù àbọ̀ á wà? Bí tòmátì tàbí ata bá wà tó ń lọ sí ọjà Ouando, ọjọ́ dára. Bí kò bá sí, ọkọ̀ á bọ̀ lófìfo.

Eré àsápajúdé lẹ fi ń tètè dé, àbí?

Èyí ló ń dùn mí jù nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa wa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kútọnu sí Ṣábẹ̀ẹ́ jẹ́ nǹkan bí 250 kìlómítà lójú ọ̀nà RNIE 2, ìyẹn títì ńlá ìjọba tó gba Bohicon àti Ìdáàṣà kọjá. Bí mo bá pín in dọ́gba sí 60 kìlómítà ní wákàtí kan, màá lò ju wákàtí mẹ́rin lọ díẹ̀. Bí mo bá fi ẹ̀mí wewu tí mo sọ ọ́ di 70, nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 ni màá jèrè. Ìwé kan tí kò ní òǹtẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú 35 yẹn lọ́wọ́ mi níbi àyẹ̀wò kan ṣoṣo. Táyà tó bẹ́ máa gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ọkọ̀ tó gbéra ni ìkánjú wà. Ká tètè gbé fóònù, ká tètè rí ìwé, ká mọ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ sítóò, kí epo ti wà nínú táǹkì láti alẹ́ àná. Bí ọkọ̀ bá ti wọ títì, ìkánjú ti parí. Ohun tí oníbàárà ń ra lọ́wọ́ wa ni pé ẹrù rẹ̀ yóò dé ní agogo tí a dá fún un. Dírẹ́bà tó ní òun á dé ní agogo mẹ́jọ, tó sì dé ní mẹ́jọ, sàn ju ẹni tó ní mẹ́fà tó wá dé ní mẹ́jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọ dé ni.

Irú ọkọ̀ wo ló dára? Ìwé ìwakọ̀ wo ni mo nílò?

Toyota HiAce, Mercedes Sprinter, Renault Master àti Peugeot Boxer wọ́pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Ìwé ìwakọ̀ B tó fún wọn, bí àpapọ̀ ìwúwo ọkọ̀ àti ẹrù kò bá gbọdọ̀ ju 3,500 kìlógíráàmù lọ. Ọkọ̀ àti ẹrù pọ̀ ni o! Ẹ ṣí carte grise, ìyẹn ìwé ọkọ̀, ẹ wo ìwúwo ọkọ̀ lófìfo, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n kọ sí PTAC, ìyẹn ìwúwo tó pọ̀ jù tí wọ́n gbà fún ọkọ̀ àti ẹrù. Ohun tó ṣẹ́ kù ni gbogbo ohun tí ọkọ̀ lè gbé, dírẹ́bà wà lára rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wúwo tó 2,100 lófìfo, 1,400 péré ló kù: àpò sìmẹ́ńtì 28 ti gbà á tán, dírẹ́bà kò sì tíì jókòó.

Nínú HiAce, táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Nínú Boxer, tiwájú ni. Lójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa lásìkò òjò, bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, èyí tí táyà ẹ̀yìn ń tì máa ń gun òkè ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, ọkọ̀ tí mẹkáníìkì Kétu mọ̀ dáadáa, tí ẹ sì lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà ní Pọ̀bẹ́ láìlọ sí Kútọnu, òun ni kí ẹ rà.

Ìwé wo ni ọlọ́pàá máa ń béèrè?

Ìwé ìwakọ̀, carte grise, ìwé ìbánigbófò, visite technique (ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀), ẹ̀rí pé ẹ ti san TVM (owó orí ọkọ̀), àti bordereau tó sọ ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Láti oṣù kìíní 2018 ni wọ́n ti da ọlọ́pàá àti jàǹdáámù pọ̀ di Police républicaine, nítorí náà ẹgbẹ́ kan náà lẹ ó máa bá pàdé láti Àjàṣẹ́ títí dé Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ kó ìwé yín sínú àpò ọ̀rá kan, kó má máa fọ́n káàkiri inú ọkọ̀. Ẹ pa rédíò, ẹ kí wọn, ẹ tan iná inú ọkọ̀ tó bá jẹ́ òru.

Ṣé ẹ máa ń kọjá sí Nàìjíríà?

Èmi kì í sábà kọjá. Màá gbé ẹrù dé Ìgòlò, tó dojú kọ Ìdìrókò, tàbí dé Ìlárá lápá Kétu. Ọkọ̀ tọ̀hún á wá gbà á, lẹ́yìn tí aṣojú tó mọ òfin aṣọ́bodè bá ti parí ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọkọ̀ rẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ ní carte brune CEDEAO (ECOWAS), ìyẹn ìbánigbófò tí àwọn orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí ní Kútọnu ní oṣù karùn-ún 1982. Òun ló máa dúró fún yín bí ọkọ̀ yín bá kọlu ènìyàn ní Ìmẹ̀kọ tàbí ibòmíràn lọ́hùn-ún.

Ẹ má sì gbàgbé 2019. Oṣù kẹjọ ọdún náà ni Nàìjíríà ti bodè, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ẹni tó gbé gbogbo oúnjẹ rẹ̀ lé ojú ọ̀nà Ìgòlò nìkan rí pupa ojú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn àbúrò pé kí wọ́n ní oníbàárà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, àní títí dé Pàràkú.

Báwo lẹ ṣe ń dá owó lé ẹrù?

Àlọ àti àbọ̀ ni mo máa ń ṣírò. Bí mi ò bá rí ẹrù gbé bọ̀ láti Ṣábẹ̀ẹ́, ọkọ̀ á ṣì mu epo. Owó péage wà níbẹ̀, ti Houègbo àti àwọn tó kù. Òru ní iye tirẹ̀. Bí ilé ẹni tó máa gba ẹrù bá wà nínú igbó lẹ́yìn Kétu, tí ọ̀nà ọ̀dà ti tán, ẹ sọ fún wa ṣáájú, kó má di àríyànjiyàn níwájú ẹnu ọ̀nà.

Ìdúró náà ní owó tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìjà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà kan wà tó dá ẹlẹgbẹ́ mi dúró síwájú géètì rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, nítorí pé ẹni tó yẹ kó gba ẹrù ti lọ sílé. Nígbà tó tó àtisanwó, ó ní òun ò ní fi kọ́bọ̀ kan lé e, pé ṣebí inú ọkọ̀ ló sùn sí. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú títí dòní. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ níwájú géètì onígéètì kò sùn. Ẹrù ẹlẹ́rù ló ń ṣọ́, gbogbo ẹsẹ̀ tó bá kọjá ló ń ta á jí. Iṣẹ́ ni. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp kí ẹ tó gbéra: wákàtí àkọ́kọ́ kò ní owó, èyí tó bá tẹ̀ lé e ní iye báyìí. Kí oníbàárà dáhùn pé òun ti rí i. Ìdajì owó á ti wọlé sórí MTN MoMo tàbí Moov Money kí ọkọ̀ tó yíra padà, ìyókù á wọlé bí ẹrù bá dé.

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ẹ gbọ́ èyí náà. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin Benin ti di 52,000 sẹ́fà láti oṣù kìíní 2023, wákàtí 40 ni òfin iṣẹ́ sì fi lélẹ̀ fún ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá tó bá ń fún yín ní 40,000, tó sì tún ní kí ẹ máa ṣọ́ ẹrù lálaalẹ́, ń rẹ́ yín jẹ ni.

Ṣé kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, lẹ ń rà, àbí epo ilé epo?

Gasoil (dísẹ̀lì) ni ọkọ̀ mi ń mu, ilé epo ni mo sì ti ń rà á. Kpayo inú ìgò lẹ́bàá títì ṣì wà, ó sì ti yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lóko ewu lóru. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, ó ti gbówó lórí, àǹfààní tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ rà á ti dín kù. Omi àti ìdọ̀tí tó bá wà nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló máa jìyà rẹ̀.

Gbígbé e bí ẹrù, mi ò ní gbà, ẹnikẹ́ni ì báà bẹ̀ mí. Iná kpayo tó jó ní Sèmè-Podji ní oṣù kẹsàn-án 2023 pa ènìyàn tó lé ní 30.

Mo ní ilé òògùn. Ṣé ẹ lè gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára?

A lè gbé e, bí ẹ bá dì í bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàrin ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius. Ooru nìkan kọ́ ló ń bà á jẹ́ o, yìnyín náà ń bà á jẹ́. Bí wọ́n bá yọ àpò yìnyín láti inú fìríìsà, tí wọ́n tì í mọ́ ìgò abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀, oògùn inú ìgò lè dì, agbára rẹ̀ á sì lọ láìjẹ́ pé ojú ènìyàn rí i. Ẹ kọ́kọ́ gbé àpò yìnyín náà sílẹ̀ títí omi á fi máa ró nínú rẹ̀ bí ẹ bá mì í.

Àwa náà mọ ibi tí à ń gbé àpótí sí. Nínú HiAce àtijọ́, abẹ́ àga iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, ibẹ̀ máa ń gbóná. Ẹ̀yìn ni àpótí òògùn ń jókòó, wọ́n á sì dè é. Bí ẹ bá rí dírẹ́bà tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ pé kí òun lè máa fojú ṣọ́ ọ, ẹ ní kó gbé e kúrò.

Ọ̀nà wo ló le jù?

RNIE 2. Òun ni kámíọ̀ tó ń gòkè lọ sí Pàràkú àti Malanville ń gbà. Lóru, èyí tó bá bàjẹ́ lè dúró sójú títì láìtan iná, ewé tútù tí wọ́n já sílẹ̀ lójú ọ̀nà nìkan ni àmì rẹ̀. Bí ẹ bá rí ewé, ẹ tẹ bíréèkì ná. Lásìkò ọyẹ́, eruku àti èéfín iná ìgbẹ́ máa ń bo ọ̀nà láti Ìdáàṣà sókè. Bí òkè Ṣábẹ̀ẹ́ kò bá hàn nígbà tí ẹ ti ń sún mọ́ ìlú lówùúrọ̀, ọyẹ́ ọjọ́ náà le, ẹ tan iná ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wa irú ọkọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà. Ṣé iṣẹ́ kan náà ni?

Ó jọra ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn náà ń dúró de ìpè, àwọn náà ń gbé ẹrù ẹnì kan lọ tààrà, irin ilé iṣẹ́ mọ́tò tàbí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn. Ohun tó yàtọ̀ ni òfin. Awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù ńlá lọ́hùn-ún kò gbọ́dọ̀ wà á ju wákàtí 11 lọ láàrin wákàtí 14, lẹ́yìn tó bá ti sinmi fún wákàtí 10 gbáko. Ṣùgbọ́n fáànù tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó 10,001 pọ́n-ùn, ìyẹn nǹkan bí 4,536 kìlógíráàmù, kò sí lábẹ́ òfin yẹn bí kì í bá ṣe ẹrù eléwu ló gbé. Ẹ wá rí i pé awakọ̀ fáànù ibẹ̀, bíi tiwa, ara rẹ̀ ló máa ṣòfin oorun fún ara rẹ̀.

Tèmi nìyí: bí mo bá lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ tí mo bọ̀ lọ́sàn-án, mi ò ní gba ẹrù òru ọjọ́ yẹn, iye yòówù kí wọ́n pè. Bí ojú bá ń kún mi lọ́nà, màá yà sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti ènìyàn wà, màá pe oníbàárà pé mo fẹ́ sùn fún ogún ìṣẹ́jú. Oníbàárà gidi á ní, «Ẹ sùn o.»

Níbo lẹ ti ń jẹun?

Ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdáàṣà, iyán. Iyán tó bá kún ikùn lọ́sàn-án máa ń fa oorun, nítorí náà ẹ̀yìn ìgbà tí mo bá já ẹrù ni mò ń jẹ ẹ́. Lójú ọ̀nà, ẹ̀kọ àti àkàrà tó mi.

Ṣé obìnrin lè ṣe é?

Ó lè ṣe é. Ìwé ìwakọ̀ B kan náà ni. Ibi tí obìnrin lè sùn sí láìséwu ni kó kọ́kọ́ mọ̀ nílùú kọ̀ọ̀kan, àwa ọkùnrin náà ì bá sì máa ronú bẹ́ẹ̀.

Ẹrù wo ni ẹ kì í gbà?

Èyí tí ẹlẹ́rù kò jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ní, «Dírẹ́bà, ṣe ìwọ ṣáà máa gbé e,» a máa já a sílẹ̀ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Orúkọ dírẹ́bà ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. A kì í sì gbé ènìyàn sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù. Bí bíréèkì òjijì bá dé, ẹrù á lọ síwájú, ènìyàn ló sì máa bá pàdé.

Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà ńkọ́?

Ẹ mú ọkọ̀ kúrò lójú títì, ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀ jìnnà, kí ẹ sì pe oníbàárà kí ẹ tó pe mẹkáníìkì. Òun ló mọ̀ bóyá àkókò ṣì wà. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹlẹgbẹ́ yín tó bá sún mọ́ ibẹ̀ jù kó wá gba ẹrù, kí ẹ sì pín owó náà bó ṣe yẹ. Nítorí èyí ni àwa tí a jọ ń rìn ọ̀nà yìí ṣe ń sọ ibi tí a bá wà fún ara wa. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 118 ni àwọn panápaná, 117 ni ọlọ́pàá.

Bí mo bá fẹ́ pè yín, kí ni kí n sọ?

Ẹ sọ ohun tí ẹrù jẹ́ àti bó ṣe wúwo tó. Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ gbé nǹkan tí gbogbo ènìyàn mọ ìwọ̀n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíi àga tàbí àpò gaàrí, ká lè mọ̀ bóyá ó máa gba ilẹ̀kùn wọlé. Ẹ fún wa ní nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á gan-an, kì í ṣe ti ọ̀gá rẹ̀ tó wà ní Kútọnu. Bó bá wúwo, ẹ sọ ẹni mélòó ló máa wà níbẹ̀ láti já a. Kí ẹ sì sọ agogo tí ilẹ̀kùn ibẹ̀ máa ń tì, nítorí láti ibẹ̀ ni mo ti máa ṣírò padà, títí màá fi mọ agogo tó yẹ kí n jí.